Obìnrin kan ní òun máa fẹjọ́ mi sun ICO, àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni èèyàn ní Ìlú Ọba, torí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Ẹ gbà mí o

Aláṣọ_Òkè_Peckham (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Peckham níbí: aṣọ òkè, gèlè, léèsì, ìlẹ̀kẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Sátidé tó kọjá, ẹrù tuntun wọlé láti Ìṣẹ́yìn, mo bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tí mo ní. Kì í ṣe orí fóònù mi ni mo ti fi ránṣẹ́, mo gba orí ìkànnì kan tó máa ń bá èèyàn fi í ránṣẹ́ lọ́pọ̀. Nọ́ńbà 1,400 ni. Ọjà yá o, n kò ní purọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mọ́kànlá ti yà wá.

Àfi obìnrin kan tó fèsì. Ó ní ta ló fún mi ní nọ́ńbà òun, òun kò ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi rí, bí òun bá sì tún rí ọ̀kan sí i, òun á fẹjọ́ mi sun ICO. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò dá mi lóhùn mọ́. Láti ìgbà yẹn ni àyà mi ti ń já.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí bí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ṣe dọ́wọ́ mi. Nǹkan bíi 600 wá láti inú ìwé kan tó wà lórí káńtà. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni, mo fi okùn so bírò mọ́ ọn kí wọ́n má baà gbé e lọ. Ẹni tó bá san àsansílẹ̀ fún aṣọ ẹbí á kọ orúkọ àti nọ́ńbà síbẹ̀. Nǹkan bíi 200 wá láti ibi ìpàtẹ ọjà kan: mo ní kí èèyàn kọ nọ́ńbà sórí pépà kó jù ú sínú ike, ẹni tí mo bá fa tiẹ̀ yọ á gba gèlè kan lọ́fẹ̀ẹ́. 600 tó kù, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀ ló kó lọ sí Kánádà, ó wá fi nọ́ńbà àwọn oníbàárà ẹ̀ ta mí lọ́rẹ. Ó ní kí n máa fi jẹun.

Ṣé wọ́n lè tì mí mọ́lé ni? Ṣé kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lóru òní?

Ọmọ_Òṣogbo_Leeds (10:25 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lóru òní. Ẹ mu omi tútù. Kò sẹ́ni tó máa tì yín mọ́lé.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa bá àwọn iléeṣẹ́ yẹ irú nǹkan báyìí wò, àmọ́ èmi kọ́ ni lọ́yà yín o. Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní PECR. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 2003. Inú àṣẹ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé jáde ní 2002 ni Ìlú Ọba ti yọ ọ́, nígbà tí wọ́n sì kúrò nínú àjọ náà, wọn kò sọ òfin yẹn nù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbọ́ orúkọ GDPR tí wọ́n rò pé òun nìkan ló wà. GDPR ń wo bí ẹ ṣe ń tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà èèyàn. PECR ní tiẹ̀ ń wo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lọ kanlẹ̀kùn wọn: ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́, ímeèlì, àti ohun tí ìkànnì yín bá dì sínú ẹ̀rọ ẹni tó yà síbẹ̀. ICO ló ń ṣọ́ méjèèjì.

Ohun tó sọ nípa àtẹ̀jíṣẹ́ kò ṣòro gbọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ polówó sórí fóònù ẹnikẹ́ni tàbí sínú ímeèlì ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ gbà fún yín. Pé kò kọ̀ kò tó. Ó ní láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì mọ ohun tí òun ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kan wà, àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè é ní soft opt-in. Oníbàárà yín gangan ló wà fún. Ẹni tó rajà lọ́wọ́ yín, tàbí tó ń ná an lọ́wọ́, tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ fún yín ní nọ́ńbà lákòókò yẹn, ẹ lè polówó ọjà tó jọ èyí tó rà fún un. Ọjà tiyín ni o, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti fún un láyè láti kọ̀ nígbà tó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kí ẹ sì tún fún un láyè yẹn nínú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e, láìgba kọ́bọ̀.

600 ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ gbàgbé ẹ̀. Kò síbi tí ẹ fẹ́ gbé e gbà. Ìrẹsì àti ẹran ni wọ́n lọ rà lọ́dọ̀ ẹ̀, wọn kò mọ̀ yín rí, nọ́ńbà náà kò sì jẹ́ tirẹ̀ débi tí á fi ta yín lọ́rẹ. 200 inú ike, gèlè ọ̀fẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́, àfi tí ẹ bá sọ fún wọn pé ẹ máa polówó fún wọn. Àbí ẹ sọ? Ó wá ku 600 orí káńtà. Kí ni ẹ kọ sókè ìwé yẹn?

Aláṣọ_Òkè_Peckham (10:41 alẹ́)

Orúkọ. Nọ́ńbà. Iye tó san. Iye tó kù. Mo fi rúlà fa ìlà sí i dáadáa.

Ti inú ike, n kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ariwo orin ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọmọ_Òṣogbo_Leeds (10:52 alẹ́)

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ká ní ìlà kan péré wà lókè ibẹ̀ pé "A ó máa fi ìròyìn ọjà tuntun ránṣẹ́ sí yín, ẹ fi àmì síbí tí ẹ kò bá fẹ́", gbogbo 600 yẹn ì bá jẹ́ tiyín. Òfin yìí kì í béèrè bóyá oníbàárà mọ̀ yín, tàbí bóyá ó fẹ́ràn yín. Ìgbà tí nọ́ńbà ń bọ́ sí yín lọ́wọ́ ló ń wò: kí ni ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà?

Ẹlẹ́rù_Croydon (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má dẹ́rù ba obìnrin o. ICO wo ló ráyè ẹni tó ń ta gèlè? Àwọn tó ń pe èèyàn nígbà ogún lóòjọ́ pé "ẹ ti ní ìjàǹbá ọkọ̀" ni wọ́n ń lé kiri. Èmi tí mò ń kó dírọ́ọ̀mù ẹrù lọ sí Èkó yìí, ọdún méjìlá nìyí tí mo ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ polówó, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè rí.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò le. Ẹ fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí gbogbo 1,400: "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ máa gbọ́ ìròyìn ọjà wa? Ẹ tẹ YES." Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti gbà nìyẹn. Ẹni tí kò tẹ̀ ẹ́, ẹ pa tiẹ̀ rẹ́. Ó parí.

Ọmọ_Òṣogbo_Leeds (8:03 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ibi tí Honda ti kọsẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ rán wọn lọ yẹn.

Ní oṣù Kẹta 2017, ICO bu owó ìtanràn £13,000 lé Honda Motor Europe. Ímeèlì 289,790 ni wọ́n fi bi àwọn èèyàn pé ṣé wọ́n á fẹ́ máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Honda. Ohun tí Honda rò ni pé òun ń sapá láti pa òfin mọ́, pé ìyẹn kì í ṣe ìpolówó. ICO ní ìpolówó ni, torí pé Honda kò ní ẹ̀rí pé àwọn èèyàn náà ti gbà tẹ́lẹ̀. Oṣù yẹn náà ni wọ́n bu £70,000 lé Flybe, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, tó fi ímeèlì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ránṣẹ́ pé "ṣé ohun tá a kọ nípa yín tọ̀nà?" sí àwọn tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ ìpolówó kankan. Èèyàn kì í kanlẹ̀kùn láti béèrè bóyá òun lè kanlẹ̀kùn.

Pé ICO kò ráyè ẹni kékeré, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tí ẹ̀sùn bá ti pọ̀ lórí wọn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Ṣùgbọ́n ní 2021 wọ́n bu £10,000 lé ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative, ẹgbẹ́ tó wà lórí àléfà lọ́wọ́lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórúkọ Boris Johnson ní 2019 ló fà á. Ẹ mọ iye tí ICO rí ẹ̀rí ẹ̀ dì mú? 51.

Owó náà kò ní dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. £500,000 ni òpin ẹ̀ látẹ̀yìnwá. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 2025 gbé e dé ibi tí ti GDPR wà: £17.5 mílíọ̀nù, tàbí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún iléeṣẹ́ náà lágbàáyé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Ẹlẹ́rù_Croydon (8:20 àárọ̀)

Ìjọba tó wà lórí oyè, ímeèlì 51? Háà.

Ó dáa, mo ti gbọ́. Èmi náà máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn alásè, àwọn tó ń ta ẹran gbígbẹ. Ṣé ìyẹn náà wà níbẹ̀? Wọn kì í ṣe aráàlú lásán, òwò ni wọ́n ń ṣe.

Ọmọ_Òṣogbo_Leeds (8:46 àárọ̀)

Bí òwò náà bá jẹ́ Limited, ìyẹn iléeṣẹ́ tí òfin kà sí ọ̀tọ̀ sí ẹni tó ni ín, ẹ lè kọ sí ímeèlì iléeṣẹ́ wọn láìtọrọ àyè ṣáájú, ẹ ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ibi tí wọ́n lè kọ sí tí wọn kò bá fẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá ṣòwò lórúkọ ara ẹ̀, aráàlú ni òfin yìí kà á sí. Alásè tó ń sè nílé ẹ̀ tó sì ń gbé e lọ sóde àríyá, kò yàtọ̀ sí ìyá àgbà tó wà nílé.

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ń pè wọ́n lórí fóònù ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé TPS, ibi tí àwọn tí kò fẹ́ ìpè ìpolówó máa ń fi nọ́ńbà wọn sí. Nọ́ńbà tó bá wà níbẹ̀, ẹ má pè é, àfi tí olúwa ẹ̀ bá ti sọ fún yín ní tààrà pé òun gbà.

Kóòdù_àti_Kọfí (12:34 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ Òkè, ṣé ẹ ní ìkànnì? Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ̀rù kúkì, àwọn fáìlì kékeré tí ìkànnì máa ń dì sínú ẹ̀rọ ẹni tó yà síbẹ̀, ló ń bà mí.

Aláṣọ_Òkè_Peckham (12:50 ọ̀sán)

Mo ní i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ fún mi, mo sì ra bàtà fún un. Mo fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ níkọ̀kọ̀.

Kóòdù_àti_Kọfí (1:30 ọ̀sán)

Mo ti rí i. Àwòrán yẹn dáa o, ẹ kú iṣẹ́, ẹtù yẹn ń pè mí.

Mo ṣí i nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀, bí ìgbà tí mi ò débẹ̀ rí. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo tẹ F12, mo wo ibi tí kúkì máa ń wà. _ga ti wà níbẹ̀, ti Google nìyẹn, tó ń ka iye èèyàn tó wọlé. _fbp náà ti jókòó tì í, ti Facebook nìyẹn, kí wọ́n lè máa fi gèlè yín lé èèyàn kiri lórí Facebook. N kò tíì tẹ nǹkan kan o. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé kékeré kan jáde nísàlẹ̀: "A ń lo kúkì kí ẹ lè gbádùn ìkànnì wa." Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: OK.

Ibi tó kù sí ni pé a ti wọ yàrá wọn ká tó béèrè bóyá ká wọlé. Òfin kan náà yìí, PECR, ló ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ fi nǹkan sínú ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni tàbí ka ohun tó wà níbẹ̀ láìsọ fún un dáadáa, kó sì gbà. Èyí tí ìkànnì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí nìkan ló bọ́: kúkì tó ń rántí pé aṣọ mẹ́ta ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tàbí pé ó ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé. Ọdún 2011 ni wọ́n sọ ọ́ di pé ó gbọ́dọ̀ gbà. Kó tó dìgbà yẹn, tí ẹ bá ti sọ fún un tí ẹ sì fún un láyè láti kọ̀, ó tó.

Àpótí tí ẹ ti bá a fi àmì sí náà kò jẹ́ mọ́. Ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2019, nínú ẹjọ́ Planet49 tó wá láti Jámánì. Rírọrùn láti kọ̀ náà wà níbẹ̀. CNIL, àjọ tó ń ṣọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní Faransé, bu €150 mílíọ̀nù lé Google àti €60 mílíọ̀nù lé Facebook, wọ́n kéde ẹ̀ ní oṣù Kìíní 2022, torí pé ìtẹ̀ kan ṣoṣo ló gbà láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ láti sọ pé rárá, èèyàn á rìn yípo ilé. Ní tìlú níbí, ICO kọ̀wé sí àwọn ìkànnì ńláńlá ní ìparí 2023 pé bọ́tìnì "mo kọ̀" gbọ́dọ̀ rọrùn láti rí bíi ti "mo gbà".

Òfin 2025 tí ẹ̀gbọ́n Leeds dárúkọ dẹ okùn díẹ̀. Ẹni tó kàn ń ka iye èèyàn tó wọ ìkànnì ẹ̀ kó lè tún un ṣe, ó lè ṣe é láìtọrọ àyè, tó bá ṣáà ti sọ fún wọn kedere tó sì jẹ́ kí wọ́n lè kọ̀. Ṣùgbọ́n _fbp kò sí nínú ìyẹn rárá. Ti ìpolówó ni.

Ọmọ_Ẹ̀gbọ́n (2:12 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán. Èmi ni mo kọ́ ìkànnì náà. Àǹtí mi ló fi líǹkì yìí ránṣẹ́ sí mi láìkí mi.

Bánà yẹn, ìwé kékeré tó ń jáde nísàlẹ̀, mo dà á kọ láti orí ìkànnì kan tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ni. Mo rò pé tó bá ti wà níbẹ̀ ó ti tó. Ẹ̀gbọ́n Kọfí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa dá àwọn kúkì yẹn dúró kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́?

Kóòdù_àti_Kọfí (2:20 ọ̀sán)

Àbúrò, ìwọ nìkan kọ́. Ìdajì ìkànnì tí mo ń tún ṣe ló rí bẹ́ẹ̀: bánà wà lẹ́nu ọ̀nà, olè ti wà nínú ilé. Ìwọ má jẹ́ kí script Facebook yẹn, kóòdù tó ń gbé _fbp wọlé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti òkè ojú ewé. Fi í pamọ́ sẹ́yìn bọ́tìnì: ẹni tó bá tẹ "mo gbà" ni kó ṣí fún. Bọ́tìnì méjì, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà. Kí o sì fi ibì kan síbẹ̀ tí ẹni tó ti gbà lánàá á ti lè yí i padà lónìí. Tó o bá ṣe é tán, ṣe ohun tí mo ṣe: fèrèsé ìkọ̀kọ̀, F12, kó o wò ó kó o tó tẹ nǹkan kan. Tí _fbp bá ṣì wà níbẹ̀, o kò tíì ṣe é.

Àbí Àǹtí yín tiẹ̀ ń polówó lórí Facebook ni?

Aláṣọ_Òkè_Peckham (2:31 ọ̀sán)

Rárá o. Láyé mi, n kò polówó lórí Facebook rí.

Kóòdù_àti_Kọfí (2:33 ọ̀sán)

Ẹ yọ ọ́ dànù nígbà náà. Ẹ̀ ń kó oníbàárà yín fún Facebook lọ́fẹ̀ẹ́.

Akọ̀wé_Ìjọ (5:05 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, mo ti ń kà á láti àárọ̀, ara mi kò balẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìsìn ni mo máa ń fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lórí fóònù àti lórí WhatsApp. A kì í tajà. Kò kàn wá, àbí?

Ọmọ_Òṣogbo_Leeds (6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ó kàn yín, ẹ̀gbọ́n. Yàtọ̀ sí ọjà, òfin yìí ka pípolongo ohun tí ẹgbẹ́ kan gbà gbọ́ tàbí ohun tó ń lé mọ́ ìpolówó. Ìjọ, ẹgbẹ́ àánú, ẹgbẹ́ òṣèlú, gbogbo wọn wà nínú ẹ̀.

Tí ẹ bá kọ̀wé sí àwọn ọmọ ìjọ pé "ìsìn ọ̀la máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án dípò mẹ́wàá torí iná", ìròyìn lásán nìyẹn, ẹ kò polówó. Tí ẹ bá wá fi kún un pé "ẹ mú ọ̀rẹ́ yín wá, ẹ má sì gbàgbé owó ìkọ́lé", ó ti di ìpolówó, gbogbo rẹ̀. American Express gbìyànjú irú ẹ̀. Wọ́n ní ímeèlì àwọn jẹ́ ìròyìn fún oníbàárà nípa káàdì wọn. ICO kà á, ó rí i pé wọ́n ń rọ èèyàn láti náwó ni, wọ́n sì bu £90,000 lé wọn ní oṣù Karùn-ún 2021. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ímeèlì.

Ìròyìn ayọ̀ wà fún yín. Soft opt-in yẹn, àwọn oníṣòwò nìkan ló ń jàǹfààní ẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí pé títà àti rírà ló dá lé. Òfin 2025 nawọ́ rẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ àánú náà. Ẹni tó bá fowó ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́, tàbí tó fìfẹ́ hàn sí iṣẹ́ wọn, tó sì fún wọn ní nọ́ńbà fúnra ẹ̀, wọ́n lè kọ sí i, pẹ̀lú àyè láti kọ̀. Ìjọ yín gbọ́dọ̀ jẹ́ charity lóòótọ́ lójú òfin, òfin náà sì ń wo iwájú ni: kò ní sọ àwọn nọ́ńbà àtijọ́ inú ìwé yín di mímọ́.

Ní ti WhatsApp, ọ̀rọ̀ tó bá ti lè dúró sínú fóònù de ẹni tá a kọ ọ́ sí, bí àtẹ̀jíṣẹ́ ló rí. Ọ̀pọ̀ á sọ fún yín pé broadcast, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá ti fi nọ́ńbà yín sínú fóònù ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pé mo fi orúkọ yín pamọ́ kò túmọ̀ sí pé mo ní kí ẹ máa polówó fún mi. Mo fi nọ́ńbà oníṣègùn eyín mi pamọ́ náà.

Akọ̀wé_Ìjọ (6:58 ìrọ̀lẹ́)

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun, màá gbé e lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó máa bi mí pé ibo ló wà nínú Bíbélì.

Ará_Dublin (Ọjọ́rú, 7:20 àárọ̀)

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ireland bíi tèmi, ẹ má kàn da ohun tí wọ́n ń sọ yìí kọ. Orísun kan náà ni, àṣẹ Yúróòpù 2002, àmọ́ tiwa le jù bẹ́ẹ̀. Ìlànà tiwa ni S.I. 336 ti ọdún 2011. Oníbàárà tó rajà, oṣù méjìlá péré la ní láti kọ́kọ́ kọ sí i. Tí ọdún bá yípo tá ò kọ nǹkan kan, ìlẹ̀kùn ti tì. Ọ̀daràn ni wọ́n sì ń pe ẹni tó bá rú u, wọ́n máa ń gbé e lọ sílé ẹjọ́ District Court, ó lè tó €5,000 lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ń ta òróró ìpara, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀rẹ́_Ìbàdàn (9:02 àárọ̀)

Ẹ̀yin lẹ ń jayé o. Nílé níbí, àti òru àti ọ̀sán ni. Àwa náà ní 2442, tí èèyàn bá fi STOP ránṣẹ́ síbẹ̀ ìpolówó á dáwọ́ dúró. Mo ṣe é fún ìyá mi, ó ní fóònù òun ti kú, kò dún mọ́.

Ọmọ_Òṣogbo_Leeds (9:30 àárọ̀)

😂 Ẹ kí Mama fún wa.

Níbí, 7726 ni èèyàn máa ń darí àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò fẹ́ sí. Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ Òkè, mo gbàgbé láti bi yín: ṣé kámẹ́rà wà ní ṣọ́ọ̀bù yín? Ẹni tó kàn ń polówó ọjà ara ẹ̀ tó sì ń ṣírò owó ẹ̀ lè má san owó ọdọọdún ICO. Ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà bá ń ṣọ́ olè níbẹ̀, ẹ máa san án. £52 lọ́dún ni fún òwò kékeré báyìí.

Aláṣọ_Òkè_Peckham (Ọjọ́ Ẹtì, 10:15 alẹ́)

Kámẹ́rà wà. Mo ti san án.

Mo ti jókòó ti ìwé yẹn fún òru méjì. 600 ti ọ̀rẹ́ mi, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Nígbà tí mo ń wá a ni mo rí nọ́ńbà obìnrin tó bínú sí mi, ibẹ̀ ló wà. 200 inú ike náà ti lọ. 600 orí káńtà, mi ò pa á rẹ́ torí pé owó àsansílẹ̀ wà níbẹ̀, mo ní láti mọ ẹni tó jẹ mí. Mi ò kàn ní polówó fún wọn mọ́ títí wọ́n á fi yà wá.

Mo ra ìwé tuntun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi kọ ọ́ sókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: "A ó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ aṣọ tuntun ránṣẹ́ sí yín. Tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ fi àmì sí àpótí yìí. Ẹ tún lè tẹ STOP nígbàkígbà." Mo máa ń fi ìka tọ́ka sí i kí wọ́n tó kọ. Láti àná, mọ́kàndínlógún ti kọ, mẹ́ta fi àmì sí i. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ń rajà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti ṣílé. Ó dùn mí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ìbéèrè méjì. Ṣé kí n tún kọ sí obìnrin yẹn láti bẹ̀ ẹ́, kí n sọ fún un pé mo ti pa nọ́ńbà ẹ̀ rẹ́?

Ọmọ_Òṣogbo_Leeds (10:31 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Ẹ má kọ sí obìnrin náà mọ́, ohun tó ní kí ẹ má ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má pa nọ́ńbà tirẹ̀ rẹ́ pátápátá. Ẹ ṣí ojú ìwé kan sẹ́yìn tí orúkọ ẹ̀ á jẹ́ "Ẹ má kọ sí wọn". Nọ́ńbà ẹni tó bá kọ̀ ni kó máa wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí nǹkan mìíràn. Tí ẹ bá pa á rẹ́, ọdún tó ń bọ̀ ẹnì kan á tún fún yín ní nọ́ńbà kan náà, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti kọ̀.

Èkejì ńkọ́?

Aláṣọ_Òkè_Peckham (10:38 alẹ́)

Ìyá kan wá lọ́sàn-án òní, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ STOP. Ó jókòó sórí àpótí níwájú káńtà, ó ní, "Ọmọ mi, fóònù mi ń dún jù, má kọ sí mi mọ́, tí aṣọ bá dé ọkọ mi á sọ fún mi." Ọkọ ẹ̀ ń rajà lọ́dọ̀ mi náà. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́, kò kọ nǹkan kan. Ṣé ìyẹn náà jẹ́?

Ọmọ_Òṣogbo_Leeds (10:40 alẹ́)

Ó jẹ́ o. Bó ti wù kó sọ ọ́, ó ti sọ ọ́. Nọ́ńbà Mama ni kó tẹ̀ lé ti obìnrin yẹn.

Aláṣọ_Òkè_Peckham (10:44 alẹ́)

Mo ti kọ ọ́. Ti ọkọ wọn ṣì wà lápá kejì, kò fi àmì sí àpótí.